Lẹ́tà Tí Ìbíjọkẹ́ Kò Kọ Orúkọ Sí

Ní Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wọ ibi tí agbára rẹ̀ kò ká láti wọ̀, ọ̀dọ̀ Ìbíjọkẹ́ Béjidé ni yóò kọ́kọ́ yà sí. Ìbíjọkẹ́ kò mọ gómìnà, kò sì mọ ẹni tí ó mọ gómìnà. Gbogbo ohun tí ó ní kò ju táípúráítà dúdú kan lọ, àti tábìlì kan lábẹ́ páànù níwájú ilé, àti orí tí ó mọ ọ̀rọ̀ tò. Lẹ́tà ni ó ń tẹ̀ fún àwọn ènìyàn. "Àǹtí Táípì" ni àdúgbò ń pè é.

Lẹ́tà tí mo ń wí yìí kì í ṣe lẹ́tà ìfẹ́ o. Èyí tí a fi ń wọ ibi iṣẹ́ ni, èyí tí a fi ń mú ọmọ wọ ilé-ìwé tí wọ́n ti ní ó ti kún. Orúkọ rẹ̀ pọ̀. Nóòtì ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń pè é. Àwọn awakọ̀ tákísí ní Ọjà Ọba ń pè é ní ẹsẹ̀ gígùn, nítorí pé ẹni tí ó bá ní in a máa ré kọjá lórí gbogbo àwọn tí ó ti tò láti òwúrọ̀. Àwọn ará ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí Ìbíjọkẹ́ ń bá jọ́sìn kò jẹ́ pe irú orúkọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run. Ojú rere ni tiwọn, wọ́n sì ń gbàdúrà fún un ní ọjọọjọ́ Ìsinmi. Orúkọ tí ó bá wuni ni kí a pè é, ẹni tí kò bá ti ní in, ìta ni yóò máa dúró sí tí àwọn tí kò gbọ́n tó o yóò fi máa wọlé lójú rẹ̀.

Iṣẹ́ Ìbíjọkẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí àgbàlagbà kan bá wá pé òun fẹ́ fi ọmọ kan han ọ̀gá níbi iṣẹ́, Ìbíjọkẹ́ kì í gba "ọmọ dáadáa ni" lẹ́nu rẹ̀. Yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun kan tí ọmọ náà ṣe tí ẹ fi ojú ara yín rí." Bàbá náà yóò họ orí, yóò wo òkè, yóò wo ilẹ̀, yóò wá rántí pé ọmọ náà ló gbé ìyá arúgbó kan pọ̀n lọ sí ọsibítù ní ọjọ́ tí òjò ya ọ̀nà. Ìyẹn ni Ìbíjọkẹ́ yóò fi èdè Òyìnbó tí ó mọ́ tónítóní tẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọ̀gá tí ń ka lẹ́tà títí ojú fi ń ro wọ́n a máa dúró bí wọ́n bá dé orí tirẹ̀.

Ohun kejì ni pé kì í tẹ orúkọ ọmọ náà sínú lẹ́tà. Yóò fi ààyè sílẹ̀ níbẹ̀, kí àgbà tí ó fẹ́ fọwọ́ sí i lè fi bírò ara rẹ̀ kọ orúkọ náà. Bàbá rẹ̀, Akínkúnmi Béjidé, ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Iléṣà ni Akínkúnmi, iṣẹ́ akọ̀wé rélùwéè ló gbé e wá sí Òṣogbo, ibẹ̀ ló sì darúgbó sí. Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀ṣà ni Ìjẹ̀ṣà í jẹ́ níbi gbogbo, kì í fi àgbà ṣeré. "Orúkọ ọmọ, ọwọ́ àgbà ló yẹ kí ó ti jáde," ni Akínkúnmi máa ń wí. "Bí ọmọdé bá ti tẹ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé kí ó tó gbé e fún àgbà, ó ti sọ àgbà di òǹtẹ̀ lásán." Àwọn àgbà Òkè-Baálẹ̀ fẹ́ràn Ìbíjọkẹ́ gan-an nítorí àṣà yìí. Ẹni mẹ́fà ní òpópónà kan ṣoṣo yẹn ló ti tipasẹ̀ lẹ́tà rẹ̀ rí iṣẹ́.

Ẹ ó bi mí pé, òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó ti rí iṣẹ́ rí. Ní 1986, ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìbàdàn gbà á, ó ti di ẹrù rẹ̀ tán, ni àrùn ẹ̀gbà kọlu bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́, òun nìkan sì ni ọmọ. Ìbíjọkẹ́ tú ẹrù. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi ń wẹ bàbá rẹ̀, tí ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ, tí ó ń yí i padà lórí ẹní kí ara rẹ̀ má baà bó, títí bàbá náà fi sùn nínú Olúwa ní 1990. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń yọjú sí i nígbà náà wò ó títí, wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Kò bá wọn jà.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, Òṣogbo sì di olú-ìlú. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ti Ìbàdàn dé tẹrù-tẹrù, ilé háyà wọ́n ju góòlù lọ. Ní ọjọ́ kan ní 1992, Sàláúdéènì, aládùúgbò Ìbíjọkẹ́ tí ó ti bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, tí ó sì ti di òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ báyìí, wọlé tọ̀ ọ́ wá láìbọ́ bàtà.

"Ìbíjọkẹ́, wọ́n fẹ́ gba àwọn atẹ̀wé. Iṣẹ́ gidi ni, èyí tó ní owó ìfẹ̀yìntì. Ọmọ ìpínlẹ̀ yìí ni wọ́n fẹ́, olórí ẹbí ló sì máa kọ̀wé jẹ́rìí sí ọmọ náà. Agboolé kan, ẹnì kan péré, kí àwọn kan má baà kó gbogbo rẹ̀ jẹ. Àmọ́ ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún márùndínlógójì, wọn ò gbà á. Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Mo máa pé e ní oṣù Kejìlá."

"Wàláhì, èyí ni àǹfààní ìkẹyìn rẹ. Kò tún sí òmíràn lẹ́yìn èyí o."

Ìbíjọkẹ́ mọ̀ pé òótọ́ ni. Bí ó bá pàdánù èyí, abẹ́ páànù yẹn ni yóò gbó sí, tí yóò máa tẹ ọ̀nà àbáyọ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ balẹ̀, nítorí olórí ẹbí kì í ṣe àjèjì. Bàbá Bándélé ni, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tí ó ń gbé agboolé wọn ní Iléṣà, tí ó sì ní oko kòkó lọ́nà Ìperíndó. Ta ni yóò tún jẹ́rìí Ìbíjọkẹ́ ju Bàbá Bándélé lọ? Jùwọ́n, ọmọbìnrin rẹ̀, ọ̀dọ̀ Ìbíjọkẹ́ ló ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti sin Akínkúnmi. Ìdánwò ìwé mẹ́wàá ti gbé Jùwọ́n ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, bàbá rẹ̀ sì ní kí ó lọ kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìbíjọkẹ́ fi táípúráítà kọ́ ọ níṣẹ́, orí bẹ́ẹ̀dì kan ni wọ́n ń sùn, aṣọ kan náà ni wọ́n ń wọ̀. "Àǹtí mi àtàtà" ni Jùwọ́n ń pè é.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn Ìbíjọkẹ́ jókòó láti tẹ lẹ́tà ara rẹ̀. Ó le ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tí ó máa ń bi àwọn àgbà: kí ni ohun kan tí o ṣe tí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ sí i fi ojú ara rẹ̀ rí? Ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti kọ ọ́. Jùwọ́n, tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ló ní, "Àǹtí, ẹ kọ ti bàbá yín. Kò sẹ́ni tó máa kà á tí omi ò ní bọ́ lójú ẹ̀." Ìbíjọkẹ́ sì kọ ọ́ lọ́nà tí Bàbá Bándélé ì bá gbà sọ ọ́ bí ó bá gbọ́ Òyìnbó tó bẹ́ẹ̀: pé ọmọ àbúrò òun tí ó ti di olóògbé ni, pé ó fi iṣẹ́ Ìbàdàn sílẹ̀ nítorí bàbá tí ẹ̀gbà dá mọ́lẹ̀, pé ọdún mẹ́rin ni ó fi tọ́jú rẹ̀, kò sì ráhùn sí ẹnikẹ́ni létí lọ́jọ́ kan. Nígbà tí ó dé ibi orúkọ, ó fi ààyè sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun àti Jùwọ́n wọ tákísí ní Ọjà Ọba, ó di Iléṣà. Bàbá Bándélé jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gba lẹ́tà náà, ó fi ìka tọ ìlà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí pé kò ka ìwé ju Sítáńdáàdì Mẹ́fà lọ. Nígbà tí ó dé ibi ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀, ó fi etí aṣọ nu ojú. Mo gbà pé omijé náà kì í ṣe irọ́. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

"Ìwé rè é, kọ́kọ́rọ́ ni," ni ó wí. "Ilẹ̀kùn tí kò bá ṣí, á jẹ́ pé wọ́n mọ ọ́n pa ni." Ó tún wo ìwé náà. "Orúkọ ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ ó kọ ọ́, Bàbá."

Bàbá Bándélé ká ìwé náà sí méjì. "Àbúrò mi kọ́ ọ dáadáa," ni ó wí. "Fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́la, màá fi han àwọn àgbà ulé, kí wọ́n má baà sọ pé mo dá a ṣe. Lọ́jọ́ Ajé, èmi fúnra mi ni màá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gbà á. Má da ara rẹ láàmú, uṣẹ́ náà ti bọ́ sí ọ lọ́wọ́."

Ìbíjọkẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Nígbà tí ó fẹ́ máa lọ, Jùwọ́n ní ara ìyá òun kò yá, òun yóò dúró tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Ìbíjọkẹ́ yìn ín. Ó tilẹ̀ bọ́ bàtà aláwọ̀ dúdú tí ó wọ̀, èyí tí kò tíì gbó, ó fi sílẹ̀ fún un kí ó rí wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi sílípáàsì Jùwọ́n wọ tákísí padà sí Òṣogbo.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Sàláúdéènì sáré wá ní ọjọ́ kan pé òun rí orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ọwọ́ ọ̀gá kan ló wà, òun kò rí i kà délẹ̀, ṣùgbọ́n òun rí Béjidé láti Iléṣà. Ìbíjọkẹ́ fò sókè, ó dì mọ́ Nọ́síràtù, ìyàwó Sàláúdéènì, àwọn méjèèjì yí gbirigbiri. Ní ọjọ́ Ìsinmi ó dá ọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé bí oṣù bá parí, kí wọ́n wá atẹ̀wé mìíràn.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kan ní ọ́fíìsì ìjọba ni wọ́n kó gbogbo wọn sí, bí ọgọ́ta ènìyàn, lórí àga onírin. Ìbíjọkẹ́ jókòó lẹ́yìn. Bí ó ti gbé ojú sókè ni ó rí Jùwọ́n ní ìlà kejì sí iwájú. Bàtà dúdú náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Inú Ìbíjọkẹ́ dùn. Ó rò pé ọmọ náà wá ti òun lẹ́yìn ni, ó sì juwọ́ sí i. Jùwọ́n rí i. Ó yí ojú padà kíá.

Ọ̀gá obìnrin kan tí ó wọ gíláàsì ló ń ṣe àbójútó. Ó ń pe orúkọ, ẹni tí wọ́n bá pè á dìde, wọn á ka lẹ́tà olórí ẹbí rẹ̀, wọn á bi í ní ìbéèrè níṣojú gbogbo ènìyàn.

"Béjidé!"

Ìbíjọkẹ́ ti dìde.

"Béjidé, Jùwọ́n."

Jùwọ́n náà dìde. Ìbíjọkẹ́ rọra jókòó padà. Ó rò pé àṣìṣe ni, pé wọn yóò pe òun tẹ̀ lé e. Nígbà náà ni obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà, Ìbíjọkẹ́ sì gbọ́ ọ̀rọ̀ tí òun fi ọwọ́ ara òun tẹ̀, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ Ìbàdàn. Bàbá tí ẹ̀gbà dá mọ́lẹ̀. Ọdún mẹ́rin. Ọkùnrin kan tí ó jókòó ti ọ̀gá náà bọ́ gíláàsì tirẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ojú.

"Ìwọ lo ṣe gbogbo èyí?" ni ọ̀gá náà béèrè. "Ìwọ kékeré yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Bàbá tó bí ọ lọ́mọ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wọ́n wá kú?"

"Wọ́n ti kú, mà."

"Pẹ̀lẹ́. Ta ni Bándélé Béjidé tó fọwọ́ sí i yìí sí ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, mà."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ gbọ́ o. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́ yìí. Ìbíjọkẹ́ fẹ́ pariwo pé bàbá òun ni, òun lòun wẹ̀ ẹ́, òun lòun yí i padà lórí ẹní. Ṣùgbọ́n ó ro ọ̀rọ̀ náà dé ìdí. Bí òun bá dìde pé Bàbá Bándélé parọ́, ta ni yóò wá jẹ́rìí pé òun pàápàá jẹ́ ọmọ agboolé náà? Òṣogbo ni wọ́n bí i sí. Àwọn ará Òṣogbo ń pè é ní Ìjẹ̀ṣà, àwọn Ìjẹ̀ṣà ń pè é ní ará Òṣogbo. Ẹnu kan ṣoṣo ló lè sọ ọ́ di ọmọ Iléṣà níwájú ìjọba, ẹnu ọ̀hún ló sì tà á. Ó jókòó sí àyè rẹ̀, ó di báàgì rẹ̀ mú. Wọ́n pe gbogbo orúkọ tó kù tán, wọn kò pe tirẹ̀.

Nígbà tí ó jáde, Bàbá Bándélé ló kọ́kọ́ rí. Bàbá náà dúró lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú fìlà àńkárá lórí, ó na ọrùn wo ẹnu ọ̀nà. Bí ó ti rí Ìbíjọkẹ́, ó wo ilẹ̀. Ìbíjọkẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Kò mọ ìdí tí ó fi kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ló ṣe é.

"Ìbíjọkẹ́," ni Bàbá wí, "má bínú sí mi. Ìwọ ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ̀rọ wà níwájú rẹ. Jùwọ́n kò ní nǹkan kan. Ọmọ ni, o ṣáà mọ̀."

"Èmi náà, ọmọ ni mí, Bàbá."

"Mo mọ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀." Ó tún wo ẹnu ọ̀nà. Kò lè pa á mọ́ra. "Ṣé wọ́n gbà á?"

"Wọ́n gbà á. Wọ́n bi í léèrè bàbá rẹ̀. Ó ní wọ́n ti kú."

Bàbá Bándélé di igi máńgòrò mú. Ìbíjọkẹ́ rò pé yóò dùn mọ́ òun láti rí i bẹ́ẹ̀. Kò dùn mọ́ ọn rárá. Ojú bàbá tirẹ̀ gan-an ni ó rí lójú ẹ̀gbọ́n yìí, imú kan náà, iwájú orí kan náà.

Ẹnu ọ̀nà ṣí. Jùwọ́n jáde pẹ̀lú ìwé ní ọwọ́, ọ̀gá obìnrin onígíláàsì náà ń bá a rìn bọ̀, ó gbé ọwọ́ lé e ní èjìká bí ẹni ń ṣìkẹ́ ọmọ òrukàn. Ayọ̀ kò jẹ́ kí Bàbá Bándélé rántí nǹkan mìíràn mọ́. "Jùwọ́n!" ni ó ké, ó na ọwọ́ méjèèjì.

Jùwọ́n dúró. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo Ìbíjọkẹ́, ó wo ọ̀gá náà tí ń rẹ́rìn-ín músẹ́ tí ó sì ń dúró kí wọ́n fi òun mọ ẹni yìí.

"Mà, àwọn ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí wọ́n kọ lẹ́tà," ni Jùwọ́n wí. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìdúró, Bàbá Àgbà."

Ọwọ́ Bàbá Bándélé rọra wálẹ̀. Ọ̀gá náà ń wò ó. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ Jùwọ́n, íńkì rẹ̀ kò tíì gbẹ.

"Káàbọ̀," ni Bàbá Bándélé dá a lóhùn. "Káàbọ̀, ọmọ àbúrò mi."

Ọmọ àbúrò rẹ̀ gan-an dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan lábẹ́ igi náà pẹ̀lú báàgì rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó kí i.